Ọjọ́ kan nínú igbó ẹranko Yankari

Yankari jẹ́ igbó ọba ní ìpínlẹ̀ Bauchi, ó fẹ̀ tó 2,244 kìlómítà níbùú lóòró, 1956 ni wọ́n ti ya ilẹ̀ ẹ̀ sọ́tọ̀ fáwọn ẹranko, wọ́n wá ṣí i fáráàlú ní 1962. Ìjọba àpapọ̀ sọ ọ́ di national park ní 1991, àmọ́ ó ti padà sọ́wọ́ Bauchi láti 2006. Àwọn Yorùbá tó ń gbé Abuja sábà máa ń gba Jos lọ, ọ̀nà yẹn sì jìn, torí ẹ̀ ó dáa kéèyàn sun ibẹ̀.

Àárọ̀ kùtù àti ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń wo ẹranko, torí tí oòrùn bá ti mú, abẹ́ igi ni gbogbo wọn ń sá lọ. Mọ́tò akẹ́rù tí wọ́n to àga sẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n ń gbé, réńjà, ìyẹn ẹ̀ṣọ́ igbó, á wà níbẹ̀, òun ló dá ẹsẹ̀ ẹranko mọ̀ nílẹ̀. Ìmàdò ò ní pẹ́ yọ, tó bá ń sáré ìrù ẹ̀ á nà gbọnrangandan sókè bí waya rédíò, tọmọtọmọ wọn. Ìrá wà, ẹfọ̀n wà. Kìnnìún wà lóòótọ́, Yankari àti igbó ẹranko Kainji nìkan ló kù sí ní Nàìjíríà, àmọ́ kì í ṣe ẹni tó bá lọ ló ń rí i.

Erin lọ̀pọ̀ èèyàn ń torí ẹ̀ lọ. Kò síbi tí erin pọ̀ tó Yankari mọ́ ní Nàìjíríà, ó sì dunni pé àwọn tó ń yọ́ pa wọ́n tìtorí eyín ti dín wọn kù gan-an, láti 2014 ni WCS, àjọ tó ń dáàbò bo ẹranko igbó, ti ń bá Bauchi bójú tó ibẹ̀. A máa ń fi ẹni tó ní òun rí nǹkan fìrí nígbà tí àjànàkú kọjá ṣẹ̀sín, àmọ́ erin lè dúró sẹ́yìn igbó ṣúúrú nítòsí, kó jẹ́ etí ẹ̀ tó ń jù nìkan lèèyàn rí, téèyàn á rò pé ewé ni.

Ọ̀sán ni ti omi Wikki, ìsun tó mọ́ gaara, tó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ ní 31°C tòjò tẹ̀ẹ̀rùn, iyanrìn funfun ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Kéèyàn ṣọ́ oúnjẹ ẹ̀ o, àwọn ọ̀bọ babúùnù ibẹ̀ ń já búrẹ́dì gbà lọ́wọ́ èèyàn.

Oṣù kọkànlá sí oṣù kẹrin ló dáa jù láti lọ, koríko á ti gbẹ, odò kéékèèké á ti gbẹ, gbogbo ẹranko á wá máa wọ́ lọ sódò Gaji. Ibẹ̀ lerin ti ń mumi nírọ̀lẹ́, réńjà á ní kí wọ́n pa mọ́tò, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ̀kalẹ̀, pàápàá tí ọmọ bá wà láàárín àwọn erin náà, torí ìyá erin kì í fẹ́ kí nǹkan kan sún mọ́ ọmọ ẹ̀.