Overdrive kì í fi agbára kún ọkọ̀

Ọ̀rọ̀ overdrive, gíà àfikún tó ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì sinmi tí ọkọ̀ bá ń sáré, ti sú mi. Kò sí ibi tí àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti máa kóra jọ tí ẹnìkan ò ní fọwọ́ gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì kó ní, “Tèmi ní overdrive o, ó lágbára ju tìẹ lọ.” Àwa náà ní irú wọn nílé. Ẹni tó bá ti wọ Camry àtijọ́ l'Ékòó rí mọ awakọ̀ tó máa ń tẹ bọ́tìnnì O/D (overdrive) bí ẹni pé oògùn ló wà níbẹ̀.

Ti agbára yẹn ò gba àròjinlẹ̀. Ẹ́ńjìnnì MGB, ọ̀kan lára àwọn ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn, ti ọdún 1962 ní agbára ẹṣin bíi 95. Ẹ so overdrive mọ́ ọn, 95 náà ni. Inú ẹ́ńjìnnì ni agbára ti ń wá, ẹ̀yìn gíàbọ́ọ̀sì ni overdrive jókòó sí.

Overdrive tí ẹnjiníà Edgar de Normanville gbé kalẹ̀, tí ilé-iṣẹ́ Laycock ní Sheffield ń ṣe nígbà náà, gíà kékeré kan ni. Kẹ̀kẹ́ eléyín kan wà láàárín rẹ̀, àwọn kẹ̀kẹ́ eléyín kéékèèké ń yí i po, òrùka eléyín kan sì yí gbogbo wọn ká. Tí ẹ ò bá tíì lò ó, síríńgì á há wọn mọ́ra, wọ́n á máa yí bí ẹyọ kan ṣoṣo. Tí ẹ bá ti tan súwíìṣì, ọ́ìlì tí pọ́ọ̀ǹpù ń tì á borí síríńgì, á dá kẹ̀kẹ́ àárín dúró, òrùka ìta á sì máa sáré ju ọ̀pá tó ń ti inú gíàbọ́ọ̀sì bọ̀ lọ. Nínú àwọn MGB àkọ́kọ́, tí ẹ bá wà lórí 70 máìlì ní wákàtí kan, ẹ́ńjìnnì ń yí bíi ìgbà 3,900 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ tan overdrive, ó já sí bíi 3,100. Ariwo dínkù, epo tó ń jó dínkù. Ẹ wá kan òkè, ẹ ó rí i pé ọkọ̀ ò fà bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Agbára wo ló kún un nígbà náà?

Ibi kan ṣoṣo ni mi ò ti lè bú wọn. Ẹni tó bá wa ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Austin-Healey 3000 méjì, tí ọ̀kan ní overdrive tí èkejì ò ní, á fọwọ́ sọ̀yà pé èyí tó ní in ló ń ta jáde kíá. Kò purọ́. Ohun tí kò mọ̀ ni pé gíà tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Ti èyí tí kò ní overdrive jẹ́ 3.545, ti èyí tó ní in jẹ́ 3.909, ìyẹn ni pé ọ̀pá tó ń bọ̀ láti iwájú gbọ́dọ̀ yí tó bẹ́ẹ̀ kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe tóbi sí ni ọkọ̀ ṣe ń fà sí, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ẹ́ńjìnnì ṣe máa ń ké lójú títì márosẹ̀. Wọ́n láyà láti fi 3.909 sí i nítorí pé overdrive wà níbẹ̀ tó máa gbà á sílẹ̀: ẹ fi 0.82 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di bíi 3.2, èyí tó tún sinmi ju 3.545 lọ. Nígbà tí ọkọ̀ ọ̀gbẹ́ni yìí ń ta jáde, overdrive ò tíì ṣe nǹkankan. Gíà ẹ̀yìn ló ṣiṣẹ́. Mo ti ṣàlàyé èyí títí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, èsì tí mo máa ń gbà ni, “Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n lára.” Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Mi ò sọ pé kò lè jẹ́ kí ọkọ̀ kankan sáré sí i láé o. Tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń yí kọjá ibi tó ti lágbára jù kí atẹ́gùn tó dá ọkọ̀ dúró, overdrive lè fún un ní máìlì díẹ̀ sí i. Ó ṣeé ṣe. Ti MGB, bí èrè kan bá tiẹ̀ wà níbẹ̀, kò tó ohun tí à ń lu ìlù lé lórí.

Àmọ́ owó ń bá ìgbàgbọ́ yìí lọ. Ẹlòmíì á ra gíàbọ́ọ̀sì àlòkù tó ní overdrive, á so ó mọ́ Healey tó ṣì ní 3.545 lẹ́yìn. Tó bá ti tan án, ó di 2.9, ọkọ̀ á máa wọ́ bí ẹni tó ru àpò sìmẹ́ǹtì. Àwọn kan tún burú jù bẹ́ẹ̀: torí kí wọ́n lè rí “agbára” nínú gbogbo gíà, wọ́n á fo súwíìṣì tó ń dá overdrive dúró nínú gíà ìsàlẹ̀ àti rífáàsì, wọ́n á fa wáyà tààrà. Tí ẹ bá fi ẹ̀yìn rìn nígbà tí overdrive ṣì di mú, kíláàṣì inú rẹ̀ tó jẹ́ pé ọ̀nà kan péré ló ń yí sí lè fọ́ wẹ́wẹ́. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ka nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára overdrive náà, kí ẹ sì mọ gíà tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ yín. Bí ẹni tó ń tà á bá ní ó ń fi agbára kún ọkọ̀, ẹ bi í pé ẹṣin mélòó.