Kí Àtíòro Tó Lè Padà sí Ilẹ̀ Ìdílé Yín

Ìbéèrè kan kì í tán lẹ́nu àwọn olórí ẹbí àti àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tó wà lẹ́yìn odi: níbo la ti lè rí àtíòro, odídẹrẹ́ àti àwọn ẹyẹ mìíràn tó ti parẹ́ rà, ká kó wọn wálé, ká tú wọn sílẹ̀ sínú igbó bàbá wa? Èrò rere ni, ṣùgbọ́n owó ló ń gbé sọnù. Odídẹrẹ́ tó ti pẹ́ nínú àgò kò mọ igi tó ń so nínú igbó, kò mọ ìgbà tó ń so, kò sì mọ̀ pé ọ̀tá òun ni àṣá. Nígbà míì, àrùn tó ń jẹ ìyẹ́ àti àgógó ti wà lára rẹ̀, yóò sì kó o ran àwọn tó bá bá níbẹ̀. Ẹni tó dẹ pàkúté mú un ti gbowó lọ́wọ́ yín, ó sì ti padà lọ mú òmíràn. Ní Ghana, láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, odídẹrẹ́ ti dín kù tó ìdá 90 sí 99 nínú ọgọ́rùn-ún, òwò yìí sì wà lára ohun tó fà á. Ìdí nìyẹn tí CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ohun abẹ̀mí, fi ka títa odídẹrẹ́ inú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn léèwọ̀ láti oṣù kìíní ọdún 2017.

Ọ̀nà méjì ni ẹyẹ tó ti parẹ́ níbì kan lè gbà padà síbẹ̀: kí èèyàn mú un wá, tàbí kó wá fúnra rẹ̀. Àwọn tó ń fi ọwọ́ ara wọn dá ẹyẹ padà ní ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé. IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò ohun abẹ̀mí, tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2013, kókó rẹ̀ sì ni pé ohun tó lé ẹ̀dá kan lọ gbọ́dọ̀ ti kúrò nílẹ̀ kí a tó dá a padà. Bí kò bá kúrò ńkọ́? Ẹ wo condor ti California ní Amẹ́ríkà, ẹyẹ ńlá kan tó ń jẹ òkú ẹran bí igún. Ní 1982, 22 péré ló kù láyé. Wọ́n kó gbogbo èyí tó wà nínú ìgbẹ́ sínú àgò ní 1987, wọ́n sìn wọ́n títí wọ́n fi bí sí i, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú wọn sílẹ̀ ní 1992. Wọ́n ti ju 500 lọ báyìí. Síbẹ̀, òjé tó ń ti inú ọta ọdẹ wọ ara òkú ẹran ṣì ń pa wọ́n. Dandan ni kí wọ́n máa mú wọn lóòrèkóòrè, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, kí wọ́n tọ́jú èyí tó ti jẹ májèlé. Ìjọba Amẹ́ríkà lè máa ṣe ìyẹn lọ. Ìdílé kan ní Ìṣarà tàbí Òde-Rẹ́mọ kò lè ṣe é.

Èyí tó ń wá fúnra rẹ̀ kò gba owó tó bẹ́ẹ̀, sùúrù ló ń gbà. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn IITA ní Ìbàdàn gba ilẹ̀ tó tó 1,000 hẹ́kítà ní 1967, ilẹ̀ tí oko àti abúlé wà lórí rẹ̀. Ibi tí wọn ò kọ́lé sí, tí wọn ò sì dáko sí, tó nǹkan bí 350 hẹ́kítà, ó sì di igbó fúnra rẹ̀. Lónìí, ibẹ̀ wà lára ibi tí àwọn onímọ̀ ẹyẹ máa ń kọ́kọ́ lọ bí wọ́n bá fẹ́ rí Ibadan malimbe. Ìbátan ẹ̀ga ni ẹyẹ yìí, dúdú lára, pupa lórí àti láyà, kò sì sí níbì kankan láyé yàtọ̀ sí ilẹ̀ Yorùbá wa níhìn-ín. Ọdún 1958 ni onímọ̀ ẹyẹ J. H. Elgood kọ àpèjúwe rẹ̀ fún ayé ìmọ̀. Ìperu Rẹ́mọ wà lára àwọn ìlú tí àkọsílẹ̀ sọ pé wọ́n ti rí i. Kò béèrè igbó kìjikìji tí ọwọ́ èèyàn kò kàn rí. Igbó tó hù lẹ́yìn oko tó o, bí igi gíga bá wà nínú rẹ̀, tí igbó mìíràn kò sì jìnnà.

Ọ̀rọ̀ wa wá di mẹ́rin. Níbo ni ẹyẹ yóò ti wá? Kí ni yóò jẹ? Ibo ni yóò yé sí? Ta ni yóò pa á?

Ní ti ibi tí yóò ti wá, àwọn tó wà ní Ìjẹ̀bú Ìlà-Oòrùn ní igbó ọba Ọmọ nítòsí. Wọ́n ti ya igbó náà sọ́tọ̀ láti 1925, ó lé ní 130,000 hẹ́kítà, UNESCO sì kà á mọ́ àwọn igbó àgbáyé tí wọ́n ń dáàbò bò ní 1977. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín o: agégi àti oko kòkó ti wọ inú ọ̀pọ̀ rẹ̀, igi mẹ́láínà (gmelina) tí wọ́n gbìn ní ìlà-ìlà sì gba ibòmíràn. Oko igi oríṣi kan ṣoṣo tí ọjọ́ orí wọn dọ́gba kì í ní ihò tí ẹyẹ lè yé sí, oúnjẹ inú rẹ̀ kò sì pọ̀. Rẹ́mọ ní tirẹ̀ kò ní igbó ńlá bẹ́ẹ̀. Èyí tó ní ni igbó Orò, ẹ̀bá odò tí ilẹ̀ ibẹ̀ ti rọ̀ jù fún ẹ̀gẹ́, oko kòkó àtijọ́ àti oko gbànja tí àwọn bàbá fi igi gíga sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ní apá Ìjẹ̀bú, lọ́nà Òkè-Èrì, ọ̀pọ̀ ibi lẹ́bàá yàrà Erédò Sùngbọ́ ṣì ní igi.

Àtíòro lè fò kọjá oko gbalasa lọ bá igi tó ń so. Àwọn ẹyẹ kéékèèké tó ń rìn nísàlẹ̀ igbó, tó ń wá kòkòrò lábẹ́ ewé gbígbẹ, kì í fẹ́ fò kọjá ojú gbangba, kódà bó bá jẹ́ ìwọ̀n títì lásán. Nítorí wọn ni a fi ń sọ pé kí igbó kékeré má dá wà. Bí ẹ bá lè bá ará oko kejì sọ ọ́ kí ẹ jọ fi etí odò sílẹ̀ láìgé, mítà 20 sí 30 lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ẹ ti la ọ̀nà fún wọn láti igbó kan dé òmíràn.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló gùn jù. Ẹ má tíì ra igi kankan. Ẹ kọ́kọ́ ka ohun tó ti hù. Ẹ fi okùn wọn mítà 10 ní mítà 10 lójú mẹ́wàá káàkiri ìgbòrò náà, ilẹ̀ oko tí ẹ fẹ́ kó padà di igbó, kí ẹ ka ọmọ igi tó ti ga ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, àti kùkùté tó ń rú. Bí àròpín bá tó méje lójú kan, ó tó 700 lórí hẹ́kítà kan nìyẹn, ẹ kò nílò láti gbin nǹkan kan. Ẹ tọ́jú èyí tó wà. Àgbà àgbẹ̀ ni kí ẹ mú dání fún kíkà yìí, torí àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi àdá ṣánko kì í mọ ìyàtọ̀ láàárín ọmọ ìrókò àti koríko.

Ẹ ri ọ̀pá tó ga tó mítà kan àbọ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ igi kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ọ̀dà funfun kun orí rẹ̀. Ẹ má fi aṣọ pupa so ó. Lébìrà tó bá bá aṣọ pupa lórí ọ̀pá nínú igbó yóò bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹ kò sì ní rí i mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ro yíká ọmọ igi náà, ìdajì mítà lápá gbogbo, ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin láàárín òjò, fún ọdún méjì. Ewé Akíntọ́lá ni kí ẹ fà tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, torí bí ẹ bá gé e, ńṣe ló tún ń rú. Níbi tó bá jẹ́ ẹ̀kan ló bolẹ̀, ẹ má ṣán an. Ẹ gbé pákó lé e, kí ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nígbà tó bá ti ga, tó sì tutù. Èyí tí a ṣán yóò ti ga padà láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Èyí tí a tẹ̀ yóò wólẹ̀, yóò sì ṣíji bo ara rẹ̀, kò ní lè tètè dìde.

Iná ló ń pa ọ̀pọ̀ iṣẹ́ yìí rẹ́. Ọdún mẹ́ta lè lọ lórí rẹ̀, kí ẹni tó ń fi iná lé ọ̀yà wá jó o láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Nínú oṣù Kejìlá, kí ọyẹ́ tó le, ẹ ro ojú ilẹ̀ tó fẹ̀ tó mítà márùn-ún sí mẹ́fà yíká gbogbo ibẹ̀ títí yóò fi mọ́ lóló, kí ẹ tún un gbá nínú oṣù Kìíní nítorí ewé tó já sí i. Kí ẹ sì lọ rí olórí ẹgbẹ́ ọdẹ àdúgbò pẹ̀lú obì lọ́wọ́, ṣáájú oṣù Kejìlá, kì í ṣe lẹ́yìn tí pápá bá ti jó.

Níbi tí kò bá sí ọmọ igi tó, ẹyẹ ni kí ẹ jẹ́ kó gbìn ín. Ẹyẹ tó bá jẹ èso yóò wá ibi gíga bà lé, ibẹ̀ ni yóò sì ti su kóró rẹ̀. Ẹ ri ọparun tó ga tó mítà mẹ́rin mọ́lẹ̀, ihò rẹ̀ kó jìn tó 60 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ de ọ̀pá mítà kan lé e lórí ní àgbélébùú. Mítà 10 sí 15 ni kó wà láàárín ọ̀kan àti èkejì. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kùnà ni pé wọ́n fi koríko sílẹ̀ ní ìdí ọ̀pá náà: kóró yóò já bọ́ dáadáa, eku yóò kó èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ jẹ, ìyókù kò ní rí oòrùn. Ẹ ro ìdí rẹ̀, mítà kan yíká. Ikán kì í jẹ́ kí ọparun pẹ́, nítorí náà èyí tó ń yè ló sàn jù. Ẹ gé ẹ̀ka ọdán tàbí ìyeyè tó ki tó ọrùn ọwọ́, tó gùn tó mítà méjì. Ẹ fi ọdán sábẹ́ ibòòji fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kí oje rẹ̀ dá. Ẹ ri ìdajì mítà rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, kí ìdí rẹ̀ wà nísàlẹ̀, kí ẹ má gbé e dojú dé. Èyí tí wọ́n bá rì lópin oṣù Kẹwàá yóò gbẹ. Ewúrẹ́ á bó èèpo rẹ̀ bí kò bá sí ọgbà. Ẹ má sì gbin ọdán sẹ́bàá ilé o, gbòǹgbò rẹ̀ á la ògiri.

Ní ti ohun tí yóò jẹ, lára àwọn igi tí ẹ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí lébìrà gé ni asofẹ́yẹjẹ, ọ̀pọ̀tọ́ àti akọ̀mu. Asofẹ́yẹjẹ yára hù, yára so. Igi ọdán kò jọ máa ń so lẹ́ẹ̀kan náà, bí ọ̀kan ṣe ń tán ni òmíràn ń bẹ̀rẹ̀, èyí ló sì ń gba agbe àti àlùkò là nígbà tí èso mìíràn bá wọ́n. Àtíòro ní tirẹ̀ fẹ́ràn ẹyìn. Bí ẹ bá ń kọ ọ̀pẹ, ẹ fi ìdì kan sílẹ̀ sórí ọ̀pẹ mélòó kan tó wà ní etí igbó.

Ní ti ibi tí yóò yé sí, ihò inú igi àgbà ni àtíòro ń wá. Abo rẹ̀ yóò wọ inú ihò, wọn yóò fi ẹrẹ̀ àti ìgbẹ́ dí ẹnu rẹ̀ títí yóò fi ku ojú tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí àgógó lè gbà. Inú ibẹ̀ ni yóò wà pẹ̀lú ẹyin fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, akọ ni yóò máa gbé oúnjẹ wá. Bí ọmọdé bá fi kànnàkànnà pa akọ yẹn, ó ṣeé ṣe kí ebi pa ìyá àti ọmọ mọ́nú ihò láìsí ẹni tó mọ̀. Bí ẹ bá rí igi tí ẹrẹ̀ dí ihò rẹ̀, tí èèpo èso àti ìgbẹ́ ẹyẹ kún ìdí rẹ̀, ẹ yà fún un. Igi gbígbẹ tó dúró náà, ẹ má sọ ọ́ di igi ìdáná bí kò bá lè wó lu ọ̀nà tàbí ilé. Àkókó yóò gbẹ́ ihò sí i, ẹyẹ mìíràn yóò jogún rẹ̀. Àpótí pákó tí àwọn kan ń kàn mọ́ igi kì í sábà ṣe wá láǹfààní tó bẹ́ẹ̀, oyin ló máa ń gbà á.

Ní ti ohun tí yóò pa á, òwìwí àti àṣá ń kú nípa eku tó ti jẹ òògùn. Ẹni tó bá gbọ́dọ̀ lo ọ̀tápíàpíà, kó máa ṣa òkú eku láràárọ̀, kó sin ín jìn tó ìdajì mítà. Kó má jù ú sórí ààtàn.

Igún nìkan ni gbogbo ohun tí a ti ń sọ yìí kò tó fún. Ẹyin kan péré ló ń yé lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà bí a bá pa mẹ́wàá lọ́dún kan, ó di ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó lè dí àlàfo rẹ̀. Wọ́n ní igún kì í kú léwe, ṣùgbọ́n májèlé kì í béèrè ọjọ́ orí. Láàárín 2019 sí 2020, ó lé ní 2,000 igún tí májèlé pa ní Guinea-Bissau, àwọn tó fẹ́ orí wọn fi ṣe oògùn wà lára ẹni tí wọ́n fura sí. Láti 2015 ni IUCN ti ka igún mọ́ àwọn ẹ̀dá tí ìparun wọn sún mọ́ jù. Gbígbin igi sẹ́yìn odò ẹran kò lè mú un padà. Lọ́dọ̀ lẹ́kùlẹ́jà àti oníṣègùn ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà. Àwọn oníṣègùn kan ti ń bá Nigerian Conservation Foundation, àjọ tó ń dáàbò bo igbó àti ẹranko, ṣiṣẹ́ lórí ewé àti egbò tí wọ́n lè fi rọ́pò orí igún. Ẹni tó bá ní àgbà oníṣègùn nínú ẹbí rẹ̀ ni kó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ti ka ẹyẹ, kí ẹ lè mọ̀ bóyá iṣẹ́ ń lọ. Ẹ yan ojú márùn-ún tó jìnnà síra tó 200 mítà. Ẹ dúró ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójú kọ̀ọ̀kan láàárín agogo mẹ́fà àbọ̀ sí mẹ́jọ àbọ̀ àárọ̀, kí ẹ kọ ohun tí ẹ rí àti ohun tí ẹ gbọ́, ní oṣù kan náà lọ́dọọdún. Ẹ kọ òdo sílẹ̀ níbi tí ẹ kò ti rí nǹkan kan. Ẹni tó bá ní fóònù lè fi BirdLasser, ètò orí fóònù tí wọ́n fi ń kọ ẹyẹ sílẹ̀, kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Nigerian Bird Atlas Project, iṣẹ́ tó ń ṣàkọsílẹ̀ ibi tí ẹyẹ wà ní Nàìjíríà, tó pín gbogbo orílẹ̀-èdè sí ilẹ̀ onígun mẹ́rin tó tó kìlómítà mẹ́sàn-án ní mẹ́sàn-án. Wákàtí méjì ó kéré tán ni wọ́n ń fẹ́ kí ẹ fi wo ilẹ̀ onígun mẹ́rin kan kí àkọsílẹ̀ yín tó pé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ìtẹ́ Ibadan malimbe tàbí ihò odídẹrẹ́, ẹ má gbé àwòrán àti orúkọ ibẹ̀ sórí Facebook títí ọmọ yóò fi fò. Àwọn tó ń dẹ pàkúté náà ní fóònù.