Bí a ṣe ń fi nǹkan lọ ènìyàn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì

Bí ènìyàn bá fi nǹkan lọ ẹlòmíràn, yálà oúnjẹ, ìjókòó tàbí ìrànlọ́wọ́, ohun tó ṣe ni pé ó na nǹkan náà sí i, ó sì dúró láti gbọ́ bóyá yóò gbà á tàbí kò ní gbà á. Offer ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Ìfilọ̀ tí mo ń wí yìí kì í ṣe ti ìkéde tí akọ̀wé ìjọ máa ń kà ní ọjọ́ Ìsinmi o. Ọ̀rọ̀ ẹnu ojoojúmọ́ ni, àmọ́ ó máa ń ṣi ọ̀pọ̀ Yorùbá tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa lọ́nà.

Ní èdè wa, inú arọ́pò-orúkọ ni ọ̀wọ̀ wà. Bí ọmọdé bá ti fi “ẹ” ṣáájú, ó ti bọ̀wọ̀ fún àgbà tán: “Ẹ jókòó”, “Ẹ gba omi”, “Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e”. Kò sí àgbà tí yóò sọ pé wọ́n pàṣẹ fún òun. Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú “ẹ” bẹ́ẹ̀ mọ́. Láyé àtijọ́, wọ́n ní thou fún ẹnì kan tí kì í ṣe ẹni ńlá, wọ́n sì ní you fún ọ̀pọ̀ ènìyàn tàbí ẹni ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n thou ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ pátápátá, you nìkan ló kù fún ọ̀gá àti ọmọọṣẹ́. Nítorí náà, ẹni tó bá túmọ̀ “Ẹ jókòó” sí “Sit down” ti já ọ̀wọ̀ náà sílẹ̀ lójú ọ̀nà, “Jókòó!” ni yóò dé etí àlejò, bí ìgbà tí tíṣà ń bá ọmọ kíláàsì wí. Ibi tí Gẹ̀ẹ́sì gbé ọ̀wọ̀ sí ni ààyè tí a fi sílẹ̀ kí ẹni náà lè kọ̀ láìsí ìtìjú.

Gbólóhùn tó yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ mú dání ni “Would you like…?”, nítorí pé ó ṣeé lò fún ọ̀gá, fún àlejò àti fún ẹni tí a kò mọ̀ rí. Bí ó bá jẹ́ nǹkan la fẹ́ fún ènìyàn, orúkọ nǹkan náà ni yóò tẹ̀lé e: “Would you like some water?” Bí ó bá jẹ́ pé àwa la fẹ́ bá a ṣe iṣẹ́ kan, me to gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́: “Would you like me to carry your bag?” Ẹ má fo me kékeré yẹn o. Mo wà ní ibùdókọ̀ ojú irin nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan, tí inú rẹ̀ mọ́, sọ fún ìyá àgbàlagbà kan pé “Would you like to carry the bag?” Ìyá náà wo àpótí, ó wo ọmọ náà, ó sì rọra fa àpótí rẹ̀ mọ́ra, nítorí ohun tó gbọ́ ni pé ṣé ó wù ú kí ó ru ẹrù. Aṣìṣe kejì ni kí a fi Do rọ́pò Would. “Do you like tea?” ń béèrè bóyá ènìyàn fẹ́ràn tíì ni, ó lè dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, kí ó má sì retí ife kankan. “Do you want some tea?” kò burú láàárín ọ̀rẹ́ àti ẹbí, ṣùgbọ́n ó gbẹ díẹ̀ létí àlejò.

Ẹ ó ti rí i pé some ni mo ń lò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé-ìwé kọ́ wa pé any ni ti ìbéèrè. Nínú ìfilọ̀, some ń sọ fún ẹni náà pé nǹkan wà nílẹ̀ dè é, a sì ń retí kí ó gbà á. Please náà máa ń ṣì wá lọ́nà. “Ẹ jọ̀ọ́” tó mọ́ wa lára ló ń mú wa sọ pé “Would you like some rice, please?” Ẹni tó ń tọrọ nǹkan ló ni please, nítorí náà ẹni tó fẹ́ gba ìrẹsì náà ni yóò sọ ọ́: “Yes, please.”

“Shall I…?” wà fún ẹni tó ti rí iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe, tó sì ń gba àyè kí ó tó fọwọ́ kàn án: “Shall I open the window?” Àwọn ará Amẹ́ríkà kì í sábà lò ó, “Should I…?” tàbí “Do you want me to…?” ló yá wọn lẹ́nu. Ní Ireland àti Scotland, ẹ lè gbọ́ “Will I put the kettle on?”, èyí tó lè dún létí ará Lọ́ńdọ́nù bí ìgbà tí ènìyàn ń bi babaláwo nípa ọ̀la ara rẹ̀. Fún oore kékeré ojú ẹsẹ̀, wọn kì í tilẹ̀ béèrè. “I'll get the door”, ìyẹn ni pé èmi ni yóò ṣí ilẹ̀kùn, ti tó. Ẹ má sọ pé “I get the door”.

Síbẹ̀, wọ́n ń sọ pé “Have a seat”, “Help yourself”, “Have another sandwich”, àṣẹ gan-an sì ni gbogbo rẹ̀ bí a bá wo ìhun wọn. Geoffrey Leech, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè tó kọ́ni ní Yunifásítì Lancaster, ti ṣàlàyé èyí ní 1983: ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ṣe láǹfààní ni kí a wò. Bí èrè bá jẹ́ ti ẹni tó ń gbọ́, àṣẹ lè di ọ̀yàyà. Bí ìnira bá jẹ́ tirẹ̀, àṣẹ kan náà di àfojúdi. Àlàyé yìí tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí pé ó sún mọ́ “Ẹ wá jẹun” tiwa.

Ìdáhùn ló tún le jù. “I don't mind”, tí a máa ń fi gba nǹkan tayọ̀tayọ̀ ní Nàìjíríà, lè dún létí wọn pé èyí tó bá wù wọ́n ni kí wọ́n ṣe. Ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo lò ní Leeds, ìlú kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo lọ kí ẹnì kan nílé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí òtútù mú gan-an. Ó gbé kẹ́tùlù lọ́wọ́, ó ní “Would you like a cup of tea?” Bí wọ́n ṣe tọ́ mi dàgbà ni pé ènìyàn kì í gbà á ní ẹ̀ẹ̀kan, kí wọ́n má baà rò pé ebi ló gbé e wá; mo ní “No, thank you”, mo sì ń retí ìpè kejì. Ó ní “All right, then”, ó sì gbé kẹ́tùlù náà padà sílẹ̀.