Ẹ fi ọ̀rọ̀ ogunlọ́gọ̀ èrò sílẹ̀, oòrùn ni kí ẹ tẹ̀lé

Lọ́dọọdún, bí oṣù Kẹta bá ti wọlé, ìpè láti Houston àti Dallas ní Texas kì í jẹ́ kí fóònù mi sinmi. Àwọn ọmọ ti gba ìsinmi, bàbá ti ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù lọ sí Denver ní Colorado, ìyá ti ra ẹ̀wù òtútù. Ìbéèrè tó máa ń kù ni: "Bọ̀dá, ṣé sínóò ṣì wà níbẹ̀ ṣá?" Ó wà. Ní ọ̀pọ̀ òkè Colorado, oṣù Kẹta wà lára àwọn oṣù tí sínóò máa ń rọ̀ jù lọ lọ́dún. Èyí tó yẹ kí wọ́n bi èmi olùkọ́ síkí (ìyẹn pátákó gígùn tí à ń dè mọ́ ẹsẹ̀ láti fi yọ̀ lórí sínóò) ni aago tí sínóò ọ̀hún máa ń dára, torí ní ìgbà ìrúwé, òkè kan ṣoṣo lè yí ìwà padà lẹ́ẹ̀mẹta kí ilẹ̀ tó ṣú.

Kí n tó lọ jìnnà: lédè wa, yìnyín là ń pe gbogbo rẹ̀, ìyẹn ò sì tó fún iṣẹ́ tiwa. Èyí tó fúyẹ́ bí òwú, màá pè é ní sínóò bí gbogbo ọmọ Yorùbá tó wà níbí ṣe ń pè é. Èyí tó dì gbagidi, tí ẹsẹ̀ ń yọ̀ lórí rẹ̀, òun ni màá pè ní yìnyín.

Lọ́sàn-án, oòrùn á yọ́ ojú sínóò, omi á wọ àárín hóró rẹ̀. Lóru, bí ojú ọ̀run bá mọ́ kedere, ooru ara sínóò á fò lọ sókè, omi yẹn á sì dì padà, kódà bí òtútù afẹ́fẹ́ ò bá tíì dé òdo lórí ìwọ̀n Celsius. Ṣùgbọ́n bí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run mọ́jú, àfi bíi pé wọ́n da kúbùsù bo òkè: ooru ò ríbi gbà jáde, sínóò ò dì dáadáa, ilẹ̀ á mọ́ bá a ní rírọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń jáde lọ wo ìràwọ̀ kí n tó sùn. Bí mo bá rí ìràwọ̀, mo mọ̀ pé yìnyín la ó bá láàárọ̀, àmọ́ tó bá máa fi di ìyálẹ̀ta, nǹkan á ti dùn.

Yíyọ́ àti dídì yìí, tó bá ti ṣẹlẹ̀ léraléra, ló ń sọ sínóò di hóró róbótó-róbótó. Àgbàdo ni àwọn òyìnbó fi ń wé e. Lójú tèmi, gàrí tí wọ́n wọ́n omi sí ló jọ. Tí oòrùn bá ti rọ ojú rẹ̀ ní nǹkan bí ìnṣì kan, síkí á máa yí lórí rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lánàá á dà bí ọ̀gá. Ìgbádùn yẹn kì í sábà ju wákàtí kan sí méjì lọ lójú ibì kan. Lẹ́yìn náà, ó di ẹ̀kọ tó yọ́.

Ibi tí ojú òkè kọ sí ló ń pinnu wákàtí rẹ̀. Èyí tó kọjú sí ìlà-oòrùn ló ń kọ́kọ́ rọ̀, gúúsù á tẹ̀ lé e, ìwọ̀-oòrùn á gbẹ̀yìn. Oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ rí èyí tó kọjú sí àríwá, nítorí náà sínóò ọ̀gìnnìtìn lè pẹ́ níbẹ̀. Ní Breckenridge, ìlú síkí tí púpọ̀ nínú yín ń lọ, ìlà-oòrùn ni ọ̀pọ̀ ojú òkè kọ sí. Ó ń tètè rọ̀ láàárọ̀, òjìji òkè sì ń tètè bò ó lẹ́yìn ọ̀sán. Ẹni tó ní òun ń dúró kí èrò dín kù ní aago mẹ́ta, yìnyín tuntun ló máa bá, tí ẹsẹ̀ àwọn aráàárọ̀ ti gbẹ́ ní gegele-gegele.

Èmi náà ti torí sísá fún èrò ṣe àṣìṣe rí. Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo kó tọkọtaya kan lọ sójú òkè kan tó wà lábẹ́ òjìji ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, torí pé kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Mo ṣe bí ẹni tó gbọ́n. Ìyàwó ṣubú lẹ́ẹ̀mẹrin ká tó dé ìdajì, ó bọ́ síkí sílẹ̀, ó fi ìdí wọ́ sọ̀kalẹ̀, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ kejì. Ojú òkè tó dá páropáro láàárọ̀ ìgbà ìrúwé, ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tó lé àwọn èèyàn kúrò níbẹ̀.

Èrò yóò wà o. Àárín oṣù Kẹta, tí ìsinmi Texas bọ́ sí, ni ìlà lífìtì, ìyẹn àga tí wáyà ń gbé gòkè, máa ń gùn jù. Bí ẹ bá lè yan ọjọ́ Ìṣẹ́gun sí Ọjọ́bọ̀, ẹ ti bọ́ nínú ìdajì wàhálà. Ẹ lọ gba síkí àti bàtà tí ẹ yá ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹ jẹun yó láàárọ̀, kí ẹ fi nǹkan ìpanu sápò, kí ẹ lè máa ṣeré lọ nígbà tí gbogbo ayé bá rọ́ wọ ilé oúnjẹ ní aago méjìlá. Ìlà máa ń fúyẹ́ nígbà yẹn, sínóò ṣì ń dáa níbi tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹni tó bá dá wà kó lọ tò sí ìlà àwọn tó dá wà. Ó sábà máa ń yá ju ti ẹlẹ́bí lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ kò ní ọmọ iléèwé, kí ló kàn yín kan oṣù Kẹta? Arapahoe Basin, òkè síkí mìíràn ní Colorado tí orí rẹ̀ ga tó 13,050 ẹsẹ̀ bàtà, sábà máa ń ṣí wọ oṣù Kẹfà. Òkè yìí náà mọ ìyà èrò: lọ́dún 2019, ó yọ ara rẹ̀ kúrò nínú páàsì Epic, ìyẹn tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó ń ṣí ọ̀pọ̀ òkè síkí fúnni, torí pé ọkọ̀ ò ríbi dúró sí mọ́. Lóṣù Karùn-ún, àwọn èèyàn máa ń gbé ààrò ẹran wá sí páàkì ibẹ̀, wọ́n ń pè é ní etíkun. Ẹ ò ní gbàgbé súyà.

Àwọn ohun tó ń dá àlejò dùbúlẹ̀ ńkọ́? Àkọ́kọ́ ni gíga ìlú. Ìgboro Breckenridge wà ní 9,600 ẹsẹ̀ bàtà, nǹkan bí mítà 2,926. Chappal Waddi, òkè tó ga jù ní Nàìjíríà, kò ju mítà 2,419 lọ. Orí fífọ́ àti èémí kúkúrú lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe àfọwọ́fà ẹnikẹ́ni. Ẹ sun Denver lálẹ́ kan tó bá ṣeé ṣe, ẹ mu omi dáadáa, ẹ rọra ṣe. Èkejì ni oòrùn. Sínóò tuntun lè dá tó ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ìtànṣán tó ń jóni lára padà sí yín lójú, nítorí náà ẹ má wò ó pé awọ wa dúdú. Ẹ fi ìpara sí ètè àti abẹ́ imú, ẹ má bọ́ awò. Ẹ̀kẹta, sínóò tó ti yọ́ máa ń di síkí mú lójijì bí ẹ bá ti inú òjìji bọ́ sínú oòrùn. Ara á lọ, ẹsẹ̀ á dúró, orúnkún ló ń jìyà rẹ̀. Ẹ tẹ orúnkún díẹ̀, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi ìda ojú ọjọ́ gbígbóná kun síkí náà.

Ó ku ọ̀nà. Ọ̀nà márosẹ̀ I-70 ni gbogbo Denver ń bá gòkè, bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ àárọ̀ Sátidé ṣe ń rí níbẹ̀, ẹni tó bá mọ Èkó kò ní ṣàjèjì. Láti Morrison dé Dotsero, òfin nípa irú táyà tí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ní nítorí sínóò wà láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án títí di òpin oṣù Karùn-ún, nítorí náà ẹ wo ojú táyà ọkọ̀ tí ẹ bá yá kí ẹ tó gbé e. Ní ìrọ̀lẹ́ Sunday, gbogbo wọn ló tún ń padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má bá wọn dù ú. Bí sínóò bá ti di ẹ̀kọ lọ́sàn-án, ẹ bọ́ bàtà, ẹ rìn kiri ìgboro, ẹ jẹ oúnjẹ alẹ́ níbẹ̀, kí ẹ gbéra lẹ́yìn aago méje. Àwọn ọmọ á ti sùn kí ẹ tó dé ihò Eisenhower, tí ọ̀nà náà gbà la inú òkè kọjá.