"Go into the room", àmọ́ "enter the room": kí ló fà á?

Ìbéèrè: Ọmọ mi kọ "He entered into the room" nínú àròkọ, olùkọ́ rẹ̀ sì fi bírò pupa pa "into" rẹ́. Bẹ́ẹ̀ "He went into the room" kò ní àléébù. Ṣebí ohun kan náà ni wọ́n ń sọ?

Ìdáhùn: Ohun kan náà ni, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọmọ ìyá. "Go" ti wà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Pé ẹnì kan ń lọ nìkan ló ń sọ. "Into", "out of", "up" tàbí "across" ló máa jẹ́ ká mọ ọ̀nà tó gbà. "Enter" ní tirẹ̀, inú èdè Faransé ló ti wá, lára àwọn ọ̀rọ̀ tó ya wọ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn tí àwọn Norman ṣẹ́gun ilẹ̀ náà lọ́dún 1066. Ó ti ru "wọlé" sínú ara rẹ̀ kó tó dé. "Return" àti "descend" náà ń kọ́? Ọ̀kan ru "padà", èkejì ru "sọ̀kalẹ̀". Ẹni tó bá wá sọ pé "return back" ti dé fìlà lé fìlà. (Àmọ́ o, "enter into an agreement" tọ̀nà: àdéhùn kò ní ilẹ̀kùn.)

Ìbéèrè: Kí ló dé tó fi ń ṣòro fún àwa Yorùbá?

Ìdáhùn: Nítorí pé ọ̀rọ̀-ìṣe la máa ń tò tẹ̀ léra. "Ó sáré jáde": "sáré" sọ bó ṣe rìn, "jáde" sọ ọ̀nà tó gbà. Òyìnbó á ní "She ran out". "Ó lúwẹ̀ẹ́ sọdá odò" á di "She swam across the river". "Ó yọ́ wọlé" á di "He crept in". Ibi tí ọ̀rọ̀-ìṣe wa kejì wà gan-an ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ kékeré sí. Bí o bá sọ pé "He ran and entered the house", gírámà rẹ kò bàjẹ́, ṣùgbọ́n etí òyìnbó lè gbọ́ ọ bí ìṣẹ̀lẹ̀ méjì: ó kọ́kọ́ sáré, ó wá wọlé.

Leonard Talmy, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ará Amẹ́ríkà, fi èyí pín àwọn èdè sọ́tọ̀. Àwọn Sípéènì máa ń fi ọ̀nà sínú olórí ọ̀rọ̀-ìṣe, Gẹ̀ẹ́sì ń fi í sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ní tèmi, Yorùbá kò bá ìkankan nínú méjèèjì dọ́gba.

Ìbéèrè: "Go to school", "go to church", kí ló wá gbé "to" lọ nínú "go home"?

Ìdáhùn: Láyé àtijọ́, Gẹ̀ẹ́sì lè fi "home" nìkan sọ ibi tí èèyàn ń lọ, láìsí "to". Ìlò yẹn ló ṣẹ́ kù. "Here", "upstairs" àti "abroad" náà kì í gba "to", nítorí náà "travel to abroad" tí a ń gbọ́ kò dáa. Bí o bá ti dárúkọ onílé, "to" á padà: "go to my uncle's home".

Ìbéèrè: "Arrive" ńkọ́? Ṣebí Faransé lòun náà ti wá.

Ìdáhùn: Ibẹ̀ lòfin wa ti yẹ̀. A kì í dárúkọ ibi tí èèyàn dé tẹ̀ lé e ní tààrà bíi ti "enter", kì í sì í gba "to". "At" ló ń gba fún ojúkò kan, bíi "arrive at the airport". "In" fún ìlú tàbí orílẹ̀-èdè, bíi "arrive in Lagos". Kíkọ́ ni ká kọ́ ọ sórí.