Kì í ṣe ebi ló ń pa abiyamọ octopus

Ìtàn kan wà tí wọ́n máa ń gbé kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pàápàá bí ọjọ́ àwọn ìyá bá ti ń sún mọ́lé. Octopus, ẹranko inú òkun tó ní ọwọ́ mẹ́jọ, yé ẹyin, ó jókòó tì í, kò jẹun, títí ebi fi pa á kú kí àwọn ọmọ rẹ̀ lè yè. Wọ́n á wá fi "Ìyá ni wúrà" kádìí ọ̀rọ̀. Òótọ́ ni pé ó ń yé ẹyin. Òótọ́ ni pé kì í jẹun. Òótọ́ sì ni pé ó ń kú. Ebi tí wọ́n fi kún un ni kì í ṣe òótọ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara ẹranko yìí jinlẹ̀ ju ìtàn náà lọ, ó sì dunni pé ìtàn ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀.

Ká fi ìbálòpọ̀ wọn sílẹ̀, ká bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ẹyin ti wà nílẹ̀. Abo octopus máa ń lẹ ẹyin rẹ̀ mọ́ ara àpáta tàbí òrùlé ihò, á sì fi ara bò ó. Yàtọ̀ sí lílé ọ̀tá, iṣẹ́ méjì ló wá kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń fi ṣóńṣó ọwọ́ rẹ̀ nu ẹyin kí ìdọ̀tí má bàa lẹ̀ mọ́ ọn, ó sì ń fẹ́ omi sí i lára, nítorí inú omi tó ń ṣàn kọjá ni ọmọ inú ẹyin ti ń rí ọ́síjìn. Ẹyin tí ìyá rẹ̀ bá pa tì kì í pẹ́ bàjẹ́, bí alákàn tàbí ẹja kò bá tiẹ̀ kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Nítorí náà, ìyá kò lè jáde lọ ṣọdẹ. Fún ọ̀pọ̀ ẹ̀yà tó ń gbé inú omi tí kò jìn, tó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, gbogbo rẹ̀ kì í ju oṣù mélòó kan lọ.

Nísàlẹ̀ òkun, níbi tí oòrùn kì í dé, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀. Àfonífojì ńlá kan wà lábẹ́ òkun ní etíkun California ní Amẹ́ríkà. Monterey Canyon ni wọ́n ń pè é. Àwọn onímọ̀ nípa ohun alààyè inú òkun ní ilé ìwádìí MBARI máa ń rán rọ́bọ́ọ̀tì tó ní iná àti kámẹ́rà lọ síbẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2007, ní nǹkan bí 1,400 mítà sísàlẹ̀, wọ́n rí abo kan lára ẹ̀yà Graneledone boreopacifica tó ń lọ sí ìdí àpáta kan. Kò tíì sí ẹyin lára àpáta náà. Nígbà tí wọ́n padà débẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 38, ẹyin ti wà níbẹ̀, òun náà sì ti bò wọ́n. Àpá ara rẹ̀ ni wọ́n fi dá a mọ̀.

Láti ìgbà náà ni Bruce Robison, ọ̀kan lára àwọn onímọ̀ MBARI, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń padà lọ wò ó. Ọdún 2008, ó wà níbẹ̀. Ọdún 2009, ó wà níbẹ̀. Ọdún 2010, ojúkan náà, lórí ẹyin kan náà. Ìgbà 18 ni wọ́n lọ. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2011 ni wọ́n rí i kẹ́yìn, nígbà tí wọ́n sì dé ibẹ̀ ní oṣù kẹwàá, kò sí níbẹ̀ mọ́. Èèpo ẹyin tó ti ṣófo ló kù lára àpáta. Oṣù 53 ni ó fi sàba. Nígbà tí ìwádìí náà jáde ní 2014, kò sí ẹranko mìíràn tí ẹnikẹ́ni tíì kọ sílẹ̀ pé ó ṣọ́ ẹyin pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Òtútù ló fà á tó fi pẹ́. Omi ibẹ̀ kò ju nǹkan bíi dígírì 3 Celsius lọ, irú òtútù bẹ́ẹ̀ sì ń jẹ́ kí ọmọ inú ẹyin máa dàgbà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Òtútù kan náà ló ń jẹ́ kí ara ìyá máa ná ohun tó ti tò pamọ́ díẹ̀díẹ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọ̀ ara rẹ̀ ń ṣí, awọ rẹ̀ ń rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, ojú rẹ̀ kò sì mọ́ kedere mọ́. Síbẹ̀, alákàn àti edé ń rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá sún mọ́ ẹyin jù, á tì wọ́n kúrò, kò sì sí ìgbà kankan tí wọ́n rí i kó jẹ wọ́n. Àwọn olùwádìí tiẹ̀ fi ọwọ́ rọ́bọ́ọ̀tì na ẹran alákàn sí i, kò gbà á. Ẹranko tí ebi ń pa kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yà mìíràn wà lágbègbè yẹn kan náà tó ń fi ibi tó ń yé sí gé àkókò yìí kúrú. Ní 2018, ọkọ̀ ìwádìí Nautilus rí ẹgbàágbèje octopus tí wọ́n tò sára àpáta nísàlẹ̀ òkè abẹ́ òkun tí wọ́n ń pè ní Davidson Seamount, ní nǹkan bí 3,200 mítà sísàlẹ̀. Muusoctopus robustus ni wọ́n, àwọn olùwádìí sì ṣírò pé wọ́n lé ní 20,000. Omi àyíká ibẹ̀ kò tó dígírì 2, ṣùgbọ́n omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ń yọ láti inú àlàfo àpáta, ibẹ̀ gan-an sì ni wọ́n ń kó ẹyin sí. Ẹyin tí ì bá gba ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ń pa láàárín nǹkan tí kò tó ọdún méjì. Àwọn náà kò jẹun, àwọn náà sì ń kú síbẹ̀.

Ta ló wá pa ọ̀nà ọ̀fun mọ́ wọn?

Láàárín ojú octopus kọ̀ọ̀kan àti ọpọlọ rẹ̀, kókó bíńtín kan wà tó ń tú hòmóònù sínú ẹ̀jẹ̀. Optic gland ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni octopus fi ń ríran. Ní 1959, Martin Wells àti Joyce Wells fi hàn pé kókó yìí ló ń pinnu ìgbà tí octopus máa bàlágà. Nígbà tí ẹranko náà ṣì kéré, ọpọlọ ń tẹ kókó náà mọ́lẹ̀. Bí àsìkò bá tó, ọpọlọ á yọwọ́, kókó á wú, ẹyin á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbó.

Ní 1977, Jerome Wodinsky gbé ìwádìí kan jáde tó yẹ kó ti fòpin sí ìtàn ebi láti ọjọ́ yẹn. Ó mú àwọn abo Octopus hummelincki tí wọ́n ti yé ẹyin, tí wọ́n ti ń sàba, tí oúnjẹ wọn sì ti dín kù, ó yọ kókó méjèèjì kúrò lára wọn. Wọ́n pa ẹyin tì. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Wọ́n ń tóbi sí i, wọ́n sì pẹ́ láyé gan-an ju àwọn tí kókó tiwọn ṣì wà lára lọ. Oúnjẹ wà ní àrọ́wọ́tó wọn kí ó tó yọ kókó náà, oúnjẹ kan náà ni wọ́n sì padà sí. Ohun tó yí padà ni àṣẹ tó ń jáde látinú kókó náà.

Ẹni tó bá ti sin adìyẹ rí máa lóye èyí kíákíá. Àgbébọ̀ tó ń sàba kò jókòó gbèrò pé òun fẹ́ fi oúnjẹ du ara òun. Hòmóònù tó ń jẹ́ prolactin ló pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Òun ló mú un lẹ̀ mọ́ ìtẹ́, òun ló gé oúnjẹ rẹ̀ kù, òun ló sì ń mú un ran ìyẹ́, kó máa sọ ọwọ́ ẹni tó bá sún mọ́ ọn lẹ́nu. Kókó kan nídìí ọpọlọ adìyẹ ni prolactin ti ń jáde, iṣẹ́ kókó yẹn sì sún mọ́ ti kókó ẹ̀yìn ojú octopus débi pé àwọn onímọ̀ sábà máa ń fi méjèèjì wéra. Fi ẹyin tí kò ní ọmọ sábẹ́ adìyẹ, á sàba lé e. Kó gbogbo ẹyin kúrò nídìí rẹ̀, bó bá ṣe díẹ̀, ìsàba á kúrò lára rẹ̀, á padà sẹ́yìnkùlé lọ tan ilẹ̀. Bí ó bá sì pamọ lọ́jọ́ kọkànlélógún, hòmóònù á lọ sílẹ̀, á kó ọmọ kiri, á tọ́ wọn dàgbà, á sì tún yé òmíràn. Ibẹ̀ ni adìyẹ àti octopus ti pínyà. Ara adìyẹ mọ ọ̀nà àbọ̀, ara octopus kò mọ̀ ọ́n.

Wodinsky mọ̀ pé ohun kan ń jáde látinú kókó náà, ṣùgbọ́n kò sí irinṣẹ́ nígbà yẹn láti fi mọ ohun tó jẹ́. Ó tó nǹkan bí ogójì ọdún kí Z. Yan Wang àti Clifton Ragsdale ní Yunifásítì Chicago tó yẹ inú rẹ̀ wò dáadáa, nínú Octopus bimaculoides, ẹ̀yà kékeré kan tó ń gbé ní etíkun California. Ìwádìí wọn ní 2018 fi hàn pé iṣẹ́ kókó náà ń yí padà bí ìsàba ṣe ń lọ. Ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, ìyá ṣì ń jẹun. Bí alákàn bá kọjá nítòsí, á na ọwọ́ mú un láìkúrò lórí ẹyin. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò dáwọ́ oúnjẹ dúró. Lẹ́yìn èyí ni ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́: awọ rẹ̀ á ṣí, ọgbẹ́ á yọ, á sì máa dá egbò sí ara rẹ̀. Nígbà mìíràn, á jẹ ṣóńṣó ọwọ́ ara rẹ̀. Ebi kò lè ṣàlàyé èyí, nítorí alákàn wà nínú táńkì.

Ní 2022, àwọn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn rí ohun tí kókó náà ń pèsè. Lẹ́yìn ìbálòpọ̀, ó ń yí ọ̀nà tó ń gbà lo cholesterol padà, ọ̀nà mẹ́ta ló sì gbà. Àkọ́kọ́ ń pèsè hòmóònù ìbímọ bíi progesterone. Èkejì ń pèsè ohun tí ara fi ń ṣe èròjà òróòro. Ẹ̀kẹta ń mú kí 7-dehydrocholesterol, ohun tí ara ń sọ di cholesterol, pọ̀ sí i, èyí gan-an ló yẹ kéèyàn tẹjú mọ́. Nínú èèyàn, nǹkan yìí ló máa ń pọ̀ lápọ̀jù lára àwọn ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú àrùn Smith-Lemli-Opitz, ó máa ń ṣe ara wọn bíi májèlé, lára àmì àrùn náà sì ni kí ọmọ máa ṣe ara rẹ̀ léṣe.

Ẹ tún wo akọ. Akọ octopus kò sàba lé ohunkóhun, síbẹ̀ òun náà kì í pẹ́ kú lẹ́yìn tó bá ti bá abo lò pọ̀. Bó bá jẹ́ pé ìfarajìn abiyamọ ló ń pa ìyá, kí ló wá ń pa bàbá?

Ọgbọ́n tó wà nínú ètò yìí ni pé kókó kan náà tó mú ẹyin gbó ló mú ìyá jókòó, òun ló sì pa ọkàn rẹ̀ kúrò lórí oúnjẹ. Ìyá tí oúnjẹ ṣì ń wù á dìde, ìgbà kan ṣoṣo tó bá dìde sì ti tó fún ọ̀tá. Octopus ńlá a sì tún máa jẹ octopus kékeré, nítorí náà, àwọn olùwádìí kan gbà pé ikú òbí ń gba ọmọ lọ́wọ́ ẹnu òbí. Ṣùgbọ́n àbùkù rẹ̀ tóbi. Kókó náà kò mọ̀ bóyá ọmọ wà nínú ẹyin tàbí kò sí. Abo tí wọ́n ń sìn nínú táńkì, tí kò fojú kan akọ rí, lè yé ẹyin òfìfo, á máa nù ún, á máa fẹ́ omi sí i, á sì kú tì í.

Kò sì pọn dandan kó rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo octopus. Ní ẹ̀gbẹ́ Òkun Pàsífíìkì ní Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà, ẹ̀yà kan wà tó ní ilà dúdú àti funfun lára. Roy Caldwell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 2015. Abo rẹ̀ kì í yé ẹyin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ń yé fún ọ̀pọ̀ oṣù, ó ń sàba lọ́wọ́, ó sì ń jẹun, ó tún ń bá akọ lò pọ̀. Tí wọ́n bá gbé kókó ẹ̀yìn ojú tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ti bimaculoides, tí wọ́n sì wo ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fi cholesterol ṣe, ó ṣeé ṣe kí ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti yà hàn síta.