Kí ni entail? Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ láàárín Boswell àti bàbá ẹ̀

Lẹ́tà tí bàbá àti ọmọ máa ń kọ síra wọn ní Skọ́tlándì láyé ọdún 1700 sí 1800, nínú ìdílé àwọn onílẹ̀ ńláńlá, kì í pẹ́ kó tó já sórí ilẹ̀, ibẹ̀ lẹ sì ti máa pàdé ohun tí wọ́n ń pè ní entail.

Ìwé òfin ni láyé ìgbà yẹn, onílẹ̀ ló máa ń ṣe é kí ilẹ̀ má bàa kúrò nínú ìran ẹ̀. Á to àwọn tó máa jogún ẹ̀ tẹ̀léra, àkọ́bí ọkùnrin ló sábà máa ń ṣáájú, ẹni tó bá wá kàn ò lè tà á, kò lè fi yáwó, kò sì lè yí ìlà náà pa dà. Òfin ọdún 1685 ló fún un lágbára. Tó o bá ṣorí kunkun tó o tà á, ọjà yẹn ò múlẹ̀, ìwọ fúnra ẹ tún máa pàdánù ilẹ̀ náà, á bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó kàn. Ó le o.

Ẹ wo James Boswell, òǹkọ̀wé ọmọ Skọ́tlándì, àti bàbá ẹ̀ Alexander, adájọ́ ní Edinburgh tí wọ́n ń pè ní Lord Auchinleck (oyè adájọ́ lásán nìyẹn, ọmọ ò lè jogún ẹ̀). Àtọdún 1504 ni ilẹ̀ Auchinleck ti wà lọ́wọ́ ìdílé wọn. Ilẹ̀ náà ò tíì ní entail tó múlẹ̀ dáadáa nígbà yẹn, bàbá ṣì lè tà á.

Ní May 1763, James wà ní London, ọmọ ọdún 22, £200 lọ́dún ló ń gbà lọ́wọ́ bàbá, kò fẹ́ ṣe lọ́yà, iṣẹ́ sójà ló ń sáré kiri fún, àwọn nǹkan tó sì ń kọ sínú ìwé ojoojúmọ́ ẹ̀ ti ta sí bàbá létí. Ni bàbá bá kọ lẹ́tà sí i pé òun ti pinnu láti ta gbogbo ẹ̀, ó sàn kéèyàn pa àbẹ́là ju kó máa rùn nínú ihò ẹ̀ lọ. Ẹ lè rò pé ìbínú lásán ni, àmọ́ adájọ́ ló ń sọ̀rọ̀, ó mọ̀ pé òun lè tà á lóòótọ́. Nígbà tó máa fi di August, James ti wọkọ̀ ojú omi lọ sí Utrecht, nílẹ̀ Netherlands, lọ kọ́ òfin.

Nígbà tí wọ́n wá fẹ́ ṣe entail gidi, ìjà míì ṣẹlẹ̀. Bàbá ní tí àwọn ọkùnrin tó wá láti ara bàbá bàbá òun bá tán, kí obìnrin jogún. James ní rárá, ọkùnrin ni dandan, ì báà jẹ́ ìbátan tó jìnnà réré, bẹ́ẹ̀ ó ti bí ọmọbìnrin méjì nígbà yẹn! Ó kọ̀wé lọ bá Samuel Johnson, òǹkọ̀wé tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní London, ìyẹn sì tù ú lọ́kàn pé kò sẹ́ṣẹ̀ níbẹ̀ tó bá gbà fún bàbá. Ní August 1776 wọ́n fọwọ́ sí i.

Bàbá kú ní 1782, James jogún, gbèsè ń gorí gbèsè, àmọ́ kò lè ta Auchinleck. Ọmọ-ọmọ ẹ̀ tó ń jẹ́ James bíi tiẹ̀ ò bí ọkùnrin, ọmọbìnrin nìkan ló ní, ó gbé ìwé entail náà lọ sí kóòtù, wọ́n sì rí i pé wọ́n ti ha apá kan ọ̀rọ̀ pàtàkì kan nínú ẹ̀ kúrò, wọ́n wá kọ òmíràn lé e. Ní 1852 kóòtù ní entail yẹn ò múlẹ̀, àwọn ọmọbìnrin ló sì jogún ilẹ̀.